Ìgúnpá tó dẹ̀, tí kọ̀ǹpútà ní ó gan

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko àti odindi páálí kan pádì EMG, ìyẹn pádì tí a ń lẹ̀ mọ́ awọ láti ka iná iṣan, ni iṣẹ́ yìí bá lọ, bẹ́ẹ̀ ṣájà láptọ́ọ̀pù ló fa gbogbo rẹ̀. Ó ká mi lára gan-an, torí pádì yìí kì í ṣe ohun tí a lè yà sí ọjà Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí rà. Èkó la ti ń gbé e wá, bí a bá sì ti ṣí i kúrò lára lẹ́ẹ̀kan, kò wúlò mọ́. Kí ẹlòmíì má baà náwó dànù bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ èyí.

Ohun méjì ni mo fẹ́ mọ̀ láti ara iná tí iṣan ń gbé jáde: agbára tí iṣan fi ń yí ìgúnpá, ìyẹn tọ́ọ̀kì, àti bí oríkèé náà ṣe gan tó. Biceps ló ń ká apá, triceps ló ń nà án. Ẹ wo ẹni méjì tó ń fa okùn: bí agbára wọn bá dọ́gba, okùn ò ní kúrò lójú kan, ṣùgbọ́n yóò le koko. Ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì ló ń di tọ́ọ̀kì. Àpapọ̀ wọn ló ń mú oríkèé gan. Neville Hogan ti MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, ti fi ìṣirò gbé èyí kalẹ̀ láti 1984.

Fífá irun àti fífi sípírítì nu awọ, ẹ ti mọ ìyẹn. Kí àárín pádì méjì jẹ́ mílímítà 20, kí wọ́n tò tẹ̀lé bí iṣan ṣe lọ. Pádì kẹta, orí eegun ọrùn-ọwọ́ ni mo fi í sí. Ìgbà 1000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni mo ń ka iná náà, mo sẹ́ ẹ láàárín 20 sí 450 Hz (Hz ni iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan), mo sì ṣírò RMS rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n bí iná náà ṣe pọ̀ tó.

Kí n tó lè mọ tọ́ọ̀kì tí iná kan dúró fún, mo nílò ẹrù tí mo mọ ìwọ̀n rẹ̀. Mi ò ra irin jímù. Garí Ìjẹ̀bú ni mo wọ̀n sínú ọ̀rá, kílò 2, mo so ó mọ́ ọrùn-ọwọ́ ní sẹ̀ǹtímítà 26 sí ìgúnpá, apá wà ní igun 90. 2 × 9.81 × 0.26 jẹ́ 5.1 Nm, òṣùwọ̀n tọ́ọ̀kì. Ọ̀pọ̀ ń gbàgbé pé apá náà ní ìwọ̀n tirẹ̀: lára ẹni tó wọ̀n kílò 70, láti ìgúnpá dé ìka tó nǹkan bíi kílò 1.5, ó sì ń fi bíi 2.7 Nm kún un. 7.8 ni biceps ń gbé, kì í ṣe 5.1. Fún triceps, mo ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin tí a ń wọ̀n fi ọrùn-ọwọ́ tẹ òṣùwọ̀n mọ́lẹ̀, mo sì yọ iye tí òṣùwọ̀n kà nígbà tí apá kàn sinmi lé e.

Tọ́ọ̀kì jáde dáadáa. Mo so garí, ìlà rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà gòkè. Mo tú u, apá sinmi lórí tábìlì, ìlà padà sí òdo. Inú mi dùn. Gígan ló kọ̀, kò wálẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní, “Bọ̀ọ̀dá, mo ti dẹ ọwọ́ o.” Mo tẹ iṣan rẹ̀ wò, ó rọ̀ bí òwú. Kọ̀ǹpútà ní ó gan.

Pádì ni mo kọ́kọ́ fura sí. Mo pààrọ̀ wọn, mo tún pààrọ̀ wọn, títí páálí fi tán. Mo tún mú asẹ́ 50 Hz, èyí tó ń yọ ariwo (iná àjèjì tó ń wọlé láti ara iná ilé) kúrò, le sí i, pàbó. Ìgbà tí mo wá ya iná náà sọ́tọ̀ ní Hz-Hz ni mo rí ṣóńṣó kan ní 51.6, tó ń rìn síwá sẹ́yìn. Jẹnẹrétọ̀ la ń lò! Jẹnẹrétọ̀ kékeré kì í dúró sójú kan: bí wọ́n bá ki áyọ́ọ̀nù bọ iná ní yàrá kejì, ẹ́ńjìnnì á rọlẹ̀, á bọ́ sí 48, bí wọ́n bá yọ ọ́, á tún sáré kọjá 51. Asẹ́ mi ò fẹ̀ ju 1 Hz lọ sọ́tùn-ún sósì, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ariwo náà ń gbà kọjá, láti ara ṣájà wọnú wáyà pádì.

Tọ́ọ̀kì ò lè tú àṣírí rẹ̀, torí ariwo kan náà ló wọ biceps àti triceps. Bí a bá yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, ariwo á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ara rẹ̀ rẹ́. Bí a bá rò wọ́n pọ̀, á di ìlọ́po méjì. Ẹni tó bá ń wo tọ́ọ̀kì nìkan lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ẹ̀rọ òun pé.

Mo yọ ṣájà, láptọ́ọ̀pù ń lo bátìrì, ariwo já láti microvolt 12 sí 3 lójú ẹsẹ̀. Ààbò gan-an ti tó láti mú mi ṣe é láti ọjọ́ kìíní: kò yẹ kí wáyà so ara ènìyàn mọ́ ẹ̀rọ tó wà lórí iná láìsí ohun tó ya méjèèjì nípá.

Ẹ má sì yọ ariwo tó bá kù ní ìyọkúrò lásán. Bí iná iṣan bá jẹ́ microvolt 16, tí ariwo jẹ́ 12, 20 ni RMS máa kà, kì í ṣe 28. Bí ẹ bá yọ 12 nínú 20, 8 lẹ máa rí, ìdajì òtítọ́. Ẹ fi 20 lọ́po ara rẹ̀, 400. Ẹ fi 12 lọ́po ara rẹ̀, 144. Ẹ yọ ọ́, ó ku 256. Gbòǹgbò rẹ̀ ni 16. Ibi tí iṣan ti ń ṣiṣẹ́ díẹ̀ ni àṣìṣe yìí ti ń pọ̀ jù.

Gbogbo wíwọ̀n garí ni mo tún ṣe. Gígan ń wálẹ̀ báyìí bí apá bá ti dẹ̀, ó sì ń gòkè bí ọ̀dọ́mọkùnrin náà bá fún iṣan méjèèjì pọ̀ láì gbé nǹkan kan. Kò tíì di Nm/rad, òṣùwọ̀n gígan gan-an, o. Ó dìgbà tí mọ́tò bá ti oríkèé díẹ̀ lójijì, tí a sì wọn bó ṣe tì í padà. Igun 90 nìkan ló sì wà fún. Bí apá bá nà sí i, ìlà tí biceps fi ń fa á yóò súnmọ́ oríkèé, iná kan náà ò ní mú tọ́ọ̀kì kan náà wá, ẹ ó tún garí so.