Bí Mo Ṣe Sọ Ìwọ̀fà Di Òfin Nínú Eré Káàdì Magic

Òfin tí mo fẹ́ kọ sórí káàdì kò ju ìlà mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n oṣù méjì gbáko ni mo fi ṣe é. Magic: The Gathering, eré tí Richard Garfield dá sílẹ̀ ní ọdún 1993, ni mo ń ṣe káàdì tuntun kún, kí èmi àti àbúrò mi lè máa lò ó nílé. Mo fẹ́ kí ìwọ̀fà wà nínú rẹ̀. Láyé àtijọ́, ẹni tí ó bá yá owó lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà bá ń ṣe ni èlé owó náà, kò sì ní dín ojú owó kù títí wọn yóò fi san gbèsè pé.

Nínú Magic, káàdì ilẹ̀ kan ṣoṣo ni a sábà máa ń lè gbé kalẹ̀ nígbà tí ó bá kanni, inú ilẹ̀ ni a sì ti ń rí mana tí a fi ń san owó káàdì yòókù. Bí mo ṣe kọ́kọ́ kọ òfin mi nìyí: fi ẹ̀dá rẹ kan, ìyẹn káàdì tí ó dúró fún ènìyàn tàbí ẹranko tí ó ń jà fún ọ, lé alátakò rẹ lọ́wọ́, kí o gba mana mẹ́ta, nígbà tí ó bá tún kàn ọ́, o lè san mana mẹ́ta láti gbà á padà. Mo mọ̀ pé ewu wà níbẹ̀, nítorí pé ohun tí ó ń fún ènìyàn ní mana ṣáájú àkókò ti da eré yìí rú lọ́pọ̀ ìgbà.

Mo fi pẹ́ńsù kọ òfin náà sórí bébà pélébé, mo sì ki bébà náà sínú ọ̀rá tí a fi ń bo káàdì. Eré àkọ́kọ́ kò pẹ́ rárá. Àbúrò mi gbé ẹ̀dá kékeré kan tí owó rẹ̀ jẹ́ mana kan kalẹ̀. Nígbà kejì tí ó kàn án, tí ó ní ilẹ̀ méjì, ó fi ẹ̀dá náà ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ mi, ó sì di ẹni tí ó ní mana márùn-ún. Mo bi í pé ìgbà wo ni yóò gbà á padà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni mo fẹ́ fi ṣe?" Ìdáhùn yẹn dùn mí, nítorí pé òótọ́ ni. Òfin mi ti sọ ìwọ̀fà di ohun tí a ń tà, bẹ́ẹ̀ ẹrú ni wọ́n ń tà; ọmọ bíbí inú ilé ni ìwọ̀fà, wọ́n sì ń retí rẹ̀ nílé.

Mo wá fi àṣà náà ṣe atọ́nà. Iye mana tí ènìyàn lè yá kò gbọdọ̀ ju iye tí a fi ń san owó ẹ̀dá náà gan-an lọ. Ìwọ̀fà kò gbọdọ̀ jagun fún olówó, kò gbọdọ̀ dènà ogun fún un, olówó kò sì lè fi í rúbọ. Oko ni yóò máa ro, ìyẹn ni pé mana kan ni yóò máa fún olówó nígbàkígbà tí ó bá kàn án. Bí ó bá kú síbẹ̀, gbèsè kò kú: ẹni tí ó ni í yóò pàdánù ẹ̀mí kan, nínú 20 tí ó fi bẹ̀rẹ̀ (ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ bá tán ni a borí), fún mana kọ̀ọ̀kan tí ó jẹ.

Ibi tí mo pẹ́ sí jù ni ọ̀ràn ẹ̀bùn burúkú. Káàdì kan wà láti ọdún 1995, Illusions of Grandeur, tí ó ń fún ènìyàn ní ẹ̀mí 20 nígbà tí ó bá wọlé, tí yóò sì gba ẹ̀mí 20 lọ́wọ́ ẹni tí ó bá wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tí ó bá ń jáde. Nígbà tí Donate jáde ní 1999, tí ènìyàn lè fi gbé ohun ìní rẹ̀ fún alátakò, àwọn olùṣeré so méjèèjì pọ̀, wọ́n sì fi ń borí. Lord of the Pit, tí ó máa ń ṣe ẹni tí ó bá ń darí rẹ̀ léṣe bí kò bá rí ẹ̀dá mìíràn jẹ, ìbá di irú ẹ̀bùn burúkú bẹ́ẹ̀ lábẹ́ òfin tèmi. Nítorí náà ni mo ṣe kọ ọ́ pé gbogbo agbára tí ẹ̀dá ní yóò dúró sílé títí yóò fi padà, àti pé ìwọ̀fà kan ṣoṣo ni ènìyàn lè ní níta.

Nínú eré kẹrìnlá, àbúrò mi ní ilẹ̀ mẹ́fà, ọfọ̀ kan tí ó lè fi bá mi jà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ìwọ̀fà rẹ̀ tí ó ń ro oko fún mi, ó ka ilẹ̀ mẹ́rin sọ́tọ̀, ó sì na ọwọ́ sí mi pé kí n dá a padà fún òun.