Bí mo ṣe ṣí SysRq lórí server Ubuntu wa

Server kan wà níbi iṣẹ́ wa tó máa ń dákú láìkú. Ó ń jẹ́ ìpè ping, ṣùgbọ́n SSH, tí a fi ń wọ inú rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ò jẹ́ kéèyàn wọlé. Mo fura pé díìsìkì ló dá àwọn iṣẹ́ kan dúró sí ipò D, ìyẹn ipò dídúró de díìsìkì, níbi tí kill -9, àṣẹ tó ń pa iṣẹ́ tipátipá, pàápàá ò ti ràn wọ́n. Kernel, ọkàn Linux, nìkan ló mọ ibi tí wọ́n há sí, SysRq la sì fi ń bi í: èèyàn á di Alt àti Print Screen mú, á wá tẹ lẹ́tà kan.

Ìgbà tí ara server náà le ni mo ṣètò SysRq. Mo kọ́kọ́ wo ohun tó wà nílẹ̀:

cat /proc/sys/kernel/sysrq

176 ló gbé jáde, bí Ubuntu ṣe máa ń wá nìyẹn. Àròpọ̀ àwọn àṣẹ tó ṣí ni: 128 fún àtúntàn, 32 fún sísọ díìsìkì di kíkà nìkan, 16 fún sync (kíkọ ohun tó wà nínú ìrántí sórí díìsìkì). Mo tẹ Alt+SysRq+w, tó ń to àwọn iṣẹ́ tó há, lórí kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ gan-an, ó ní "This sysrq operation is disabled". 8 tó ń ṣí ìwádìí ò sí níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á kàn kọ 1, gbogbo ilẹ̀kùn á ṣí. Èmi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo fi 8 kún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 8 yìí náà ló ń ṣí c, tó ń pa kernel lójú ẹsẹ̀. Kò sí bí a ṣe lè gba w ká fi c sílẹ̀. Mo tún fi 2 kún un, torí pé kernel.printk wa, ìwọ̀n tó ń pinnu ìròyìn kernel tó máa hàn lójú ẹ̀rọ, wà ní 4: àkọlé "Show Blocked State" nìkan ni ìbá hàn lójú ẹ̀rọ, ìyókù á wà nínú dmesg, àkọsílẹ̀ kernel, tí n ò lè dé. 2 ló jẹ́ kí n lè tẹ 9, tó ń jẹ́ kí gbogbo ìròyìn hàn, kí n tó tẹ w. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 186.

echo "kernel.sysrq = 186" > /etc/sysctl.d/99-sysrq.conf
sysctl --system

Orúkọ fáìlì náà ní láti tẹ̀ lé 10-magic-sysrq.conf tí Ubuntu fi sílẹ̀, torí èyí tó bá kẹ́yìn ló ń borí. Ẹni tó bá ti wọlé bíi root, ọ̀gá server, ò tiẹ̀ nílò èyí. Àṣẹ echo w > /proc/sysrq-trigger ń ṣiṣẹ́ láìka nọ́ńbà yẹn sí.

Nígbà tó tún dákú, mo tẹ 9, mo tẹ w. jbd2/sda1-8, iṣẹ́ kernel tó ń kọ àkọsílẹ̀ ext4 sórí díìsìkì, ló hàn, io_schedule, ibi tó ti ń dúró de díìsìkì, wà lábẹ́ rẹ̀: díìsìkì ni lóòótọ́. Mo fi fóònù ya ojú ẹ̀rọ náà kí n tó tẹ b, tó ń tún ẹ̀rọ tàn lójú ẹsẹ̀, torí kò sí àkọsílẹ̀ tó lè dé orí díìsìkì tó ti há.