Bí mo ṣe lọ wo irin ní Bilbao

Irin ni mo bá lọ sí Bilbao. Iṣẹ́ wẹ́dà ni mò ń ṣe; Ìbàdàn ni mo ti kọ́ ọ, Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti ń fi jẹun báyìí, ìyàwó mi sì mọ̀ pé bí a bá dé ìlú kan, géètì àti afárá ibẹ̀ ni ojú mi máa ń kọ́kọ́ lọ. Nígbà tí mo wá ní mùsíọ́mù ni ká lọ wò nínú ìsinmi wa, ó wò mí títí. "Bàbá Ìbejì, ṣé ara yín yá?" Ara mi yá. Mo ti gbọ́ pé gbọ̀ngàn kan wà nínú Guggenheim ti Bilbao tí irin inú rẹ̀ ju 1,000 tọ́ọ̀nù lọ, pílétì, ìyẹn irin pẹlẹbẹ ńláńlá tí wọ́n tẹ̀, tí wọ́n sì gbé nàró láì fi ara ti ògiri. Ẹni tó bá ti tẹ pílétì rí kò ní gbọ́ irú ìyẹn kó dákẹ́.

Ìlú irin ni Bilbao fúnra rẹ̀. Àríwá Spéìn ló wà, ní ilẹ̀ àwọn Basque. Òkúta irin ni wọ́n ń wà nínú òkè ìtòsí rẹ̀. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọkọ̀ ojú omi ń kó púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì; wọ́n ń yọ́ èyí tó kù níbẹ̀, wọ́n sì ń fi kan ọkọ̀ létí odò Nervión. Nígbà tó yá, ọjà irin dẹnu kọlẹ̀. Ní August 1983, omíyalé ba àárín ìlú jẹ́. Ní 1988, Euskalduna tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ti ilẹ̀kùn. Iná ìléru ńlá tó wà ní Sestao kú ní 1996. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ní October 1997, ni wọ́n ṣí mùsíọ́mù yìí létí odò kan náà, lórí ilẹ̀ tí ilé iṣẹ́ àti èbúté ti wà tẹ́lẹ̀. Ẹnu ọ̀pọ̀ ènìyàn kò yéé sọ pé mùsíọ́mù ló jí ìlú náà dìde. Èmi ò gbà á tán. Wọ́n ti ṣí rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ ní 1995, wọ́n náwó láti fọ odò tó ti dọ̀tí, wọ́n sì kó èbúté lọ sí ìsàlẹ̀ níbi tí odò ti ń wọ òkun. Ilé kan ṣoṣo kọ́ ló ṣe gbogbo ìyẹn, bó ti wù kó máa dán tó.

Bọ́ọ̀sì A3247 la wọ̀ láti pápákọ̀ òfurufú. Ẹ má sùn nínú rẹ̀ o. Ó ń gba inú ihò abẹ́ òkè kan, bó sì ṣe ń yọ síta báyìí ni yóò bọ́ sórí afárá La Salve, tí mùsíọ́mù náà yóò yọ sí yín lójijì lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò. Moyúa la ti sọ̀ kalẹ̀, ìrìn ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá ló kù. Orí fóònù ni kí ẹ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó dé ibẹ̀, kí ẹ sì rántí pé wọn kì í ṣí lọ́jọ́ Ajé àyàfi nígbà ooru. Ẹ mú agbòjò dání. Òjò ìlú yẹn kì í bèèrè àkókò.

Ajá ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Jeff Koons ló ṣe é, Puppy lorúkọ rẹ̀, ó ga ju mítà 12 lọ, òdòdó ló sì bò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń pààrọ̀ òdòdó náà. Ìyàwó mi ya fọ́tò títí. Èmi ń yọjú wá páìpù tó ń bomi rin ín, nítorí egungun irin alágbára tí kì í dógùn-ún ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ àti omi. Ẹ wo orúkọ gbàgede tí ajá náà dúró sí pẹ̀lú. Txema Aguirre ni ọlọ́pàá tí wọ́n pa síbẹ̀ ní October 1997, ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n tó ṣí mùsíọ́mù. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ETA, tó ń fi ìbọn jà fún òmìnira ilẹ̀ Basque, ló múra bí olùtọ́jú ọgbà, tí wọ́n ń kó ìkòkò òdòdó tó ní àdó olóró nínú wá sídìí ajá náà. Ọlọ́pàá yìí fura sí wọn, wọ́n sì yìnbọn fún un. Àwọn tó ń ya fọ́tò níbẹ̀ pọ̀ bí eṣú, ṣùgbọ́n mi ò rí ẹni tó yíjú wo pátákó orúkọ náà.

Frank Gehry ló ya ilé náà. Titanium ni wọ́n fi bo ara rẹ̀, nǹkan bí 33,000 páànù, tí ìnípọn ọ̀kọ̀ọ̀kan kò tó ìdajì mìlímítà. Ó yà mí lẹ́nu. Mo súnmọ́ ọn, mo sì rí i pé kò tẹ́ pẹrẹsẹ rárá, ó wú díẹ̀díẹ̀ láàárín. Bí ẹni tí mo kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ bá rí i, á ní kí n tú u kí n tún un ṣe. Ṣùgbọ́n wíwú yẹn ló ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ máa yí lára rẹ̀. Nígbà tí kùrukùru bo ojú ọ̀run, ó dúdú bí òjé. Nígbà tí oòrùn fẹ́ wọ̀, ó pọ́n. Lẹ́yìn ilé, létí odò, ni Maman ti Louise Bourgeois wà, aláǹtakùn onídẹ tó ga tó mítà 9, tó fi ẹyin òkúta mábù pamọ́ sábẹ́ ikùn. Ìyá Bourgeois ló fi sọrí. Obìnrin náà máa ń tún aṣọ híhun àtijọ́ ṣe. Télọ̀ ni ìyàwó mi. Nígbà tí mo sọ ìtàn yìí fún un, ó padà lọ dúró sábẹ́ ẹsẹ̀ aláǹtakùn náà, ó ní ohun tí òun bá wá nìyẹn, kí n máa lọ wo irin mi.

Nígbà tí a wọlé, mi ò gòkè rárá. Gbọ̀ngàn 104 ni mo bi ẹ̀ṣọ́. Ó gùn tó mítà 130, kò sí òpó kankan láàárín rẹ̀, inú rẹ̀ sì ni The Matter of Time ti Richard Serra wà: iṣẹ́ mẹ́jọ. Snake ni èyí tó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ṣí ilé, wọ́n kó méje yòókù wọlé ní 2005. Ìnípọn pílétì náà tó sẹ̀ǹtímítà 5, gíga rẹ̀ ju ìlọ́po méjì ènìyàn lọ. Jámánì ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Serra fúnra rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìyọ́rin nígbà èwe láti fi rówó ilé ẹ̀kọ́ san, ó sì hàn nínú iṣẹ́ rẹ̀ pé ó mọ ohun tí irin gbà àti ohun tí kò gbà.

Àwọ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ bá mi jà. Gbogbo rẹ̀ ló dógùn-ún! Níbi tí mo ti kọ́ṣẹ́, bí géètì tí o ṣe bá dógùn-ún kí ọdún tó yí po, oníbàárà á wá bá ọ nílé. Ṣùgbọ́n irin eléyìí yàtọ̀. Wọ́n po bàbà díẹ̀ àti àwọn nǹkan mìíràn mọ́ ọn nígbà tí wọ́n ń yọ́ ọ, nítorí náà ìpele tó bá dógùn-ún lójú rẹ̀ á le gbagidi, á wá máa dáàbò bo irin tó wà lábẹ́. Ó máa ń pọ́n bí ọsàn nígbà tó bá ṣì tuntun, á sì máa ṣú bọ́ sí àwọ̀ ilẹ̀ bí ọdún ti ń gorí ọdún.

A wọ inú ọ̀kan. Ọ̀nà náà fẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ògiri ọ̀tún ń tẹ̀ bọ̀ lórí wa, ti òsì ń fà sẹ́yìn, títí ọ̀nà fi há débi pé ẹnìkan péré ló lè kọjá. Ẹsẹ̀ mi kò mọ ibi tí ilẹ̀ tẹ́ sí mọ́. Ohùn ọmọ kan tó ń pariwo lẹ́yìn wa dé iwájú wa kí ọmọ náà tó dé. Ìyàwó mi di ẹ̀wù mi mú.

"Ṣé kò ní wó?"

Mo fa ìwé tíkẹ́ẹ̀tì yọ, mo gbé e nàró sórí àtẹ́lẹwọ́ mi, ó ṣubú. Mo ká a díẹ̀, mo tún un gbé, ó dúró. Títẹ̀ yẹn náà ló gbé tọ́ọ̀nù irin wọ̀nyẹn ró. Mo wá ojú wẹ́díǹnì títí, mi ò rí ẹyọ kan. Ibi tí pílétì méjì ti pàdé, ìlà tín-ín-rín lásán ló wà níbẹ̀. Kí ẹ tó lọ, ẹ gòkè lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó kọjú sí gbọ̀ngàn náà láti òkè, níbi tí ẹ ó ti rí i pé ohun tó dà yín lójú rú nísàlẹ̀, òbìrí àti òbìrí gígùn tó dẹ̀gbẹ́ lásán ni. Ẹ má kọ́kọ́ lọ síbẹ̀ o. Ẹ rìn ín ná.

Ní ti àwọn yòókù, mi ò ní purọ́, ọkàn mi ti wà nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ dúró níbi òpó iná mẹ́sàn-án ti Jenny Holzer, tí ọ̀rọ̀ ń sáré gòkè lára wọn ní èdè Basque, ti Spéìn àti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ gba àárín wọn kọjá sẹ́yìn, ìmọ́lẹ̀ pupa á di búlúù.

Láti mùsíọ́mù, a rìn lẹ́bàá odò títí dé ibi tí Euskalduna wà tẹ́lẹ̀. Kíréènì pupa kan ṣoṣo, Carola, ni wọ́n fi sílẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ní obìnrin arẹwà kan tó máa ń kọjá níbẹ̀ lójoojúmọ́, tí àwọn òṣìṣẹ́ á dáwọ́ iṣẹ́ dúró láti máa wò ó, ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn wẹ́dà rí níbi gbogbo. Tíráàmù la wọ̀ padà sí ìlú àtijọ́, Casco Viejo. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yẹra fún Zubizuri, afárá funfun tí Calatrava yà: gíláàsì ni wọ́n fi tẹ́ ojú rẹ̀ ní ìlú tí òjò ti ń rọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó ń yọ̀, àfìgbà tí ìjọba tẹ́ rọ́gì lé e lórí.

Ní Plaza Nueva, wọ́n to pintxo sórí káńtà: búrẹ́dì kékeré tí wọ́n to ẹja, ẹyin tàbí ẹran lé. Èyí tí wọ́n ń pè ní gilda, ólífì, ata tútù tí wọ́n rẹ sínú fínígà àti ẹja ańṣófì ni wọ́n gún mọ́ igi kékeré. Bacalao pil-pil dára jù ú lọ, ẹja oníyọ̀ tí wọ́n mì nínú òróró ólífì àti áyù títí òróró fi ki. Ìyàwó mi ní ata wọn kò mọ̀ pé ata ni òun.

Bí ẹ bá ní ọjọ́ kejì, Portugalete ni kí ẹ lọ, rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ ìlà 2 ló ń dé ibẹ̀. Afárá Vizcaya wà níbẹ̀ láti 1893. Alberto de Palacio ló yà á. Ìṣòro tó ní ni pé bèbè odò méjèèjì kò ga tó, ọkọ̀ olópòó gígùn sì gbọ́dọ̀ máa kọjá. Ohun tó ṣe ni pé ó gbé igi irin ńlá dábùú odò ní nǹkan bíi mítà 45 lókè, ó sì so yàrá kan kọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú okùn irin, yàrá náà ló ń gbé èrò àti mọ́tò kọjá. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láyé. Wọ́n fi àdó fọ́ apá òkè rẹ̀ nígbà ogun abẹ́lé ní 1937, ó tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1941, UNESCO sì kọ ọ́ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá ayé ní 2006. Rífẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi de irin rẹ̀ pọ̀, mo sì lè wò ó títí di alẹ́. Ọ̀dà pupa tó wà lára rẹ̀, àwọ̀ òkúta irin agbègbè náà gan-an ni.

Ìyàwó mi wọ yàrá ìsàlẹ̀; owó rẹ̀ kò tó yúrò kan, kò sì ju ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀ lọ. Èmi san owó lífítì, mo gòkè, mo fi ẹsẹ̀ rìn kọjá. Òdìkejì ni Las Arenas. Ẹ má padà sí Portugalete mọ́: ẹ rìn díẹ̀ lọ sí ibùdókọ̀ Areeta, kí ẹ wọ ìlà 1, òun náà ń gbé yín padà sí àárín ìlú.