Ẹ wo abẹ́ àtẹ̀gùn kí ẹ tó kun ojú rẹ̀

Ilé Àgùdà, irú èyí tí àwọn tó ti Bràsíìlì padà dé kọ́ láyé àtijọ́, ni ilé tí wọ́n bí wa sí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo): pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ṣoṣo, fèrèsé onígi gbọọrọ, àtẹ̀gùn ìrókò nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èmi ni mò ń tọ́jú rẹ̀ báyìí, torí àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti kó lọ sí Kútọnu. Àlejò á wọlé, á ní, "Màmá, àtẹ̀gùn yín mà ń dán o!" Mo máa ń dúpẹ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kọ́ ni mò ń ṣọ́. Abẹ́ rẹ̀ ni.

Nígbà tí òjò bá ń bọ̀, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì àti ọ̀bẹ, kí ẹ wọ abẹ́ àtẹ̀gùn. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó wá ni ilà amọ̀ tó ń gba ara ògiri gòkè. Ikán ni yẹn. Kì í rìn nínú ìmọ́lẹ̀, amọ̀ ló fi ń bo ọ̀nà rẹ̀ láti inú ilẹ̀ títí dé ara igi. Ẹ ha á dànù, kí ẹ wá fi èèkù ọ̀bẹ kan pákó náà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Igi tó le á dún gan-an. Èyí tí wọ́n ti jẹ inú rẹ̀ á dún bí igbá òfìfo. Ẹ ti ẹnu ọ̀bẹ bọ ibẹ̀. Bó bá wọlé wẹ́rẹ́, ẹ má fi ọ̀dà bò ó, ẹ pe gbẹ́nàgbẹ́nà.

Bó bá jẹ́ lẹ́búlẹ́bú ló dà sílẹ̀, tí ihò kéékèèké sì wà lókè rẹ̀, kòkòrò mìíràn ni, èyí tó ń jẹ igi gbígbẹ. Apá funfun igi, tó wà nítòsí èèpo, ló fẹ́ràn jù. Nítorí náà, bí ẹ bá ń ra pákó ìrókò tàbí tíìkì láti fi pààrọ̀, ẹ yan èyí tó pọ́n látòkè délẹ̀. Òǹtajà á ní igi kan náà ni. Òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n kòkòrò mọ ìyàtọ̀.

Ẹ tún wo ẹsẹ̀ igi méjèèjì tó gbé àtẹ̀gùn ró. Kò gbọdọ̀ fara kan erùpẹ̀. Orí sìmẹ́ńtì tó ga díẹ̀ ló yẹ kó dúró, kí omi ìnulẹ̀ má bàa máa mu ún.

Omi yìí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Àwọn ọmọ ilé á da korobá omi ọṣẹ sí i bí ẹni ń fọ àgbàlá. Ẹ má gbà fún wọn. Ìgbálẹ̀, lẹ́yìn náà aṣọ tí wọ́n fún dáadáa, lẹ́yìn náà aṣọ gbígbẹ. Ó tán.

Lásìkò ọyẹ́, igi á sún kì, àtẹ̀gùn á sì máa ké. Kí ẹnì kan máa gòkè díẹ̀díẹ̀, kí ẹ̀yin jókòó sábẹ́, ẹ ó rí pákó tó ń mì. Ẹ kọ́kọ́ da pọ́dà ọmọdé sí ojú àlàfo rẹ̀. Bó bá ṣì ń ké, ẹ gbẹ́ igi pẹlẹbẹ kékeré, ẹ fi gọ́ọ̀mù funfun pa á lára, kí ẹ tì í bọ àlàfo náà láti abẹ́. Bó bá gba ìṣó, vis, ìyẹn ìṣó tí wọ́n ń yí wọlé, ni kí ẹ lò, torí ẹsẹ̀ tó ń gòkè tó ń sọ̀ á tú ìṣó lásán. Ẹ kọ́kọ́ lu ihò fún un, ìrókò le, ó máa ń là.

Ní ti kíkùn, ẹ jẹ́ kí epo pupa àti àdí wà ní ilé ìdáná. Wọn kì í gbẹ, eruku á lẹ̀ mọ́ wọn, àtẹ̀gùn á sì máa yọ̀. Huile de lin, epo irúgbìn lin tó máa ń gbẹ, lèmi ń lò. Ẹ fi sáńpépà nọ́ńbà 120 ha igi náà, lẹ́yìn rẹ̀ nọ́ńbà 180, ní ipa ibi tí ìlà igi gbà. Ẹ bo imú o, eruku ìrókò máa ń dá ìkọ́ àti ara yíyún sílẹ̀. Ẹ fi epo náà pa á fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ nu èyí tó ṣẹ́ kù kúrò lẹ́yìn bí 20 ìṣẹ́jú. Aṣọ tí ẹ fi nù ún, ẹ má ká a jù sí kọ̀rọ̀: ó lè fúnra rẹ̀ gbiná. Ẹ tẹ́ ẹ síta tàbí kí ẹ rì í sómi.

Mo rí ilé tí wọ́n to bidon kpayo, ìyẹn ike epo bẹntiróò fàyàwọ́, sábẹ́ àtẹ̀gùn onígi. Bí iná bá ṣẹ́ níbẹ̀, ibo lẹni tó wà lókè fẹ́ gbà sọ̀ kalẹ̀?

Ẹ má kun gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, torí àwọn tó wà lókè á fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ wá jẹun. Ẹ kun pákó ìtẹ̀sẹ̀ kan, ẹ fo ọ̀kan, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí èyí tí wọ́n lè tẹ̀. Nígbà tí àwọn ti àkọ́kọ́ bá gbẹ, ẹ kun àwọn tó kù.