Bí ẹ ṣe lè rí oorun sùn nígbà tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bá dí yín láyà

Ẹ lè wà látàárọ̀ kí ikọ́ má fi bẹ́ẹ̀ yọ yín lẹ́nu, àmọ́ bẹ́ ẹ bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀ lálẹ́ báyìí, ó dé nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá dùbúlẹ̀ gbalaja, ikun imú á máa ṣàn lọ sẹ́yìn ọ̀fun, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó wà láyà náà ò tètè rí ọ̀nà jáde, ara á wá máa fi ikọ́ lé e. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gba ti ká kàn sáré lọ ra oògùn tó ń pa ikọ́ nígbà tí àyà kún bámú. Tẹ́ ẹ bá pa ikọ́, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rọ̀ ọ́, ká kó o jáde, ká tó lọ sùn.

1. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látọ̀sán. Ẹ máa mu omi déédéé, àti nǹkan lílọ́wọ́ọ́wọ́ bíi tíì, torí ó máa ń tu ọ̀fun lára (àfi tí dókítà bá ti ní kẹ́ ẹ dín omi kù nítorí ọkàn tàbí kíndìnrín o). Ẹ jìnnà sí sìgá, tiyín àti tẹlòmíì, èéfín ò bá ẹ̀dọ̀fóró tó ń ṣàìsàn ṣeré.

2. Lálẹ́, ẹ wẹ omi gbígbóná, ẹ ti ilẹ̀kùn báluwẹ̀, kẹ́ ẹ dúró nínú ooru yẹn bí ìṣẹ́jú 10. Kò wo àìsàn o, ìrọ̀rùn lásán ni. Ti ká gbé abọ́ omi híhó síwájú ká fi aṣọ borí yẹn, mi ò fẹ́ ẹ rárá, pàápàá fọ́mọdé, torí àwọn tí omi yẹn ti dà sí lára pọ̀.

3. Èyí ló ṣe pàtàkì jù, òun náà sì lọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Ẹ jókòó ṣánṣán, ẹ fẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, ẹ rọra mí bí ẹ̀ẹ̀mẹta, kẹ́ ẹ jẹ́ kí èjìká rọ̀. Ẹ wá fi imú fa èémí tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ díẹ̀, ẹ dá a dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 2 tàbí 3, lẹ́yìn náà ẹ yanu, kẹ́ ẹ tú u jáde “hàà” láti inú ikùn wá, bí ẹni tó fẹ́ fi èémí bo ojú dígí kó tó nù ún. Ẹ má fi ọ̀fun ṣe é. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì sí i, tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ tí nǹkan ń ró lókè àyà, ó ti gòkè nìyẹn, ẹ wúkọ́ ẹ̀ẹ̀kan tó lágbára, kẹ́ ẹ tu ú sínú tíṣù. Ẹ sinmi, ẹ tún un ṣe. Tí òòyì bá ń kọ́ yín, ẹ dáwọ́ dúró.

4. Tí imú bá dí, ẹ fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́, àmọ́ omi tẹ́ ẹ ti sè tó sì ti tutù ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe omi ẹ̀rọ bó ṣe wà.

5. Kẹ́ ẹ tó sùn, ẹ lá oyin ṣíbí tíì kan. Ó máa ń dín ikọ́ alẹ́ kù lóòótọ́, tọmọdé tàgbà. Ọmọ tí ò tíì pé ọdún 1 ò gbọdọ̀ fẹnu kàn án láéláé, kòkòrò kan lè wà nínú ẹ̀ tó ń mú kí iṣan ọmọ rọ.

6. Ẹ gbé orí àti èjìká sókè, kì í ṣe ọrùn nìkan, torí pílò tó bá tẹ ọrùn nìkan á kàn fún yín ní ìrora ọrùn lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ lè fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ẹ jẹun tán ní wákàtí 2 sí 3 ṣáájú, torí omi kíkan tó ń ti inú gòkè wá náà ń fa ikọ́.

Ní ti oògùn, ẹ ka ara páálí. Guaifenesin wà fún rírọ kẹ̀lẹ̀bẹ̀, dextromethorphan ló ń pa ikọ́, àwọn kan tiẹ̀ pa méjèèjì pọ̀, wọ́n á tún fi paracetamol sí i, ẹ ó wá lọ gbé paracetamol míì mì, ó ti pọ̀ jù nìyẹn. Ẹ má dédé fún ọmọ kékeré ní oògùn ikọ́ láìbi dókítà. Bẹ́ẹ̀ ni kẹ̀lẹ̀bẹ̀ aláwọ̀ ewé nìkan ò sọ pé kẹ́ ẹ lo antibiotics, fáírọ́ọ̀sì ló ń fa ọ̀pọ̀ ẹ̀, antibiotics ò sì ran fáírọ́ọ̀sì.

Tí ikọ́ bá jí yín lóru, ẹ dìde jókòó, ẹ mu omi lọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ ṣe “hàà” yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.

Tí èémí ò bá délẹ̀, tí àyà ń dunni gan-an, tí ètè ń yí àwọ̀ padà, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá ń bá ikọ́ jáde, ilé ìwòsàn ni, kíá. Ikọ́ tó bá ju ọ̀sẹ̀ 3 lọ náà, ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò, pàápàá tẹ́ ẹ bá ń rù tàbí tẹ́ ẹ̀ ń làágùn lóru, torí ó lè jẹ́ ikọ́ ife. Ó sì lè jẹ́ ásímà. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan, bíi lisinopril, máa ń fa ikọ́ gbígbẹ tí kì í lọ, tó bá jẹ́ òun lẹ̀ ń lò, ẹ má dá a dúró fúnra yín, ẹ sọ fún dókítà kó bá yín pààrọ̀ ẹ̀.