Ẹ yẹ idà yín wò kí ẹ tó wọ Nether, ayé oníná inú eré Minecraft

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará Tákíé. Mo rí i pé agbára idán Sharpness nìkan ni púpọ̀ nínú wa ń fi sí idà nínú Minecraft, tí ẹ wá ń kùn pé orí Wither Skeleton (ọ̀tá eléegun dúdú inú Nether) kì í jábọ́. Sharpness ń mú kí idà mú ni, kò kan ẹrù tí ẹni tí ẹ pa máa jù sílẹ̀. Looting, agbára idán tó ń mú kí ẹrù tó ń jábọ́ pọ̀ sí i, lẹ nílò.

Ìpele kọ̀ọ̀kan Looting máa ń fi ẹyọ kan kún iye tó pọ̀ jù tó lè jábọ́. Enderman (ẹ̀dá dúdú gíga kan) tí Ender Pearl tó ń jù sílẹ̀ kì í ju 1 lọ lè fún yín ní 4 tí Looting III, ìyẹn ìpele kẹta, bá wà lára idà. (Ó ṣì lè fún yín ní òfo o, ẹ má bá mi jà.) Blaze, ẹ̀dá oníná inú Nether, náà bẹ́ẹ̀. Ní ti orí Wither Skeleton, Looting III á sọ àǹfààní pé ó máa jábọ́ láti 2.5% di 5.5%. Ẹ má fojú kéré ẹ̀: ó ju ìlọ́po méjì lọ, orí 3 la sì nílò ká tó lè pe Wither, ọ̀gá ọ̀tá olórí mẹ́ta.

Fire Aspect, agbára tó ń ti iná bọ ẹni tí idà bá gé, dára fún oúnjẹ, torí ẹran màlúù tó bá kú sínú iná, jíjinná ló ń jábọ́. Àmọ́ iná ò ran Wither Skeleton rárá. Smite, agbára tó ń mú kí idà dun òkú tó ń rìn jù, ni kí ẹ fi sí idà tí ẹ máa fi pa á dípò Sharpness. Àwọn méjèèjì kì í gbé ara idà kan.

Looting kì í wọ àáké, kì í sì í fi kún XP (àmì ìrírí).

Ta ló ní ìwé idán Looting III tó ṣẹ́ kù? Mo ní ti Mending (tó ń tún irinṣẹ́ ṣe) tá a lè fi ṣe pàṣípààrọ̀, tí wọ́n bá mú iná wá lálẹ́ yìí.