Ẹ yé béèrè "ẹ̀kọ́ wo la rí kọ́?": àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nídìí ìtàn ọmọdé ní ilé-ìkàwé

Láti Yábàá dé Súrúlérè, títí wọ Ìsàlẹ̀ Èkó, owó ni ẹni tó bá fẹ́ máa ka ìtàn fún àwọn ọmọdé ní ilé-ìkàwé kọ́kọ́ ń ná: kápẹ́ẹ̀tì aláràbarà, gúgúrú, ẹni tí yóò gbé aṣọ ẹranko wọ̀ tí yóò máa jó. Tówó bá tán, ìwé ò ní pé mẹ́ta. Ẹní mẹ́ta, ìwé méjì tó fẹjú, páálí kan àti máákà tó fún ọmọ 15. Owó tó bá ṣẹ́ kù, ẹ fi ra ẹ̀dà ìwé kan náà sí i, kí wọ́n rí i yá lọ sílé.

1. Fífi ẹ̀yìn sí fèrèsé. Ìmọ́lẹ̀ á gún àwọn ọmọ lójú, àwòrán á sì dúdú. Àwọn ọmọ ló yẹ kó kẹ̀yìn sí fèrèsé. Bí jẹnẹrétọ̀ bá ń pariwo lẹ́yìn ògiri, ẹ kó ẹní lọ sí ìhà kejì. Ẹ má lọ gbé gbohùngbohùn wá: ẹnu yín lọmọ ọdún mẹ́rin ń wò kó tó mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń jáde, kì í ṣe àpótí tó wà ní kọ̀rọ̀.

2. Kíkó ọmọ ọdún méjì pọ̀ mọ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ìṣẹ́jú 10 tó ẹni ọdún méjì. Ọdún mẹ́rin sí mẹ́fà lè jókòó fún 25.

3. Ìwé tuntun lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ ka ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà àkọ́kọ́, ìtàn ni wọ́n ń lé. Nígbà kejì, wọ́n á gbọ́ ọ̀rọ̀. Nígbà kẹta, àwọn gan-an ló máa parí gbólóhùn fún yín.

4. Èyí ló ń bí mi nínú. Àlọ́ Ìjàpá tó jẹ àsèjẹ tí babaláwo sè fún Yánníbo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, ẹnu àwọn ọmọ ṣì là sílẹ̀, ẹ ti ń béèrè: "Ẹ̀kọ́ wo la rí kọ́?" Wọ́n á figbe ta: "Ká má ṣe jẹ́ olójúkòkòrò!" Kí wọ́n tó kúrò nílé ni wọ́n ti mọ ìdáhùn yẹn. Ọmọ tó yọ ẹran nínú ìkòkò ìyá rẹ̀ lánàá á kígbe ju gbogbo wọn lọ, kí ẹnikẹ́ni má baà fura.

Ẹ dúró nígbà mẹ́ta dípò ìyẹn. Nígbà tí àsèjẹ ń ta sánsán lójú ọ̀nà: "Kí lọkàn Ìjàpá ń sọ fún un báyìí?" Nígbà tí ikùn ń wú: "Kí ló dé tí ò lè sọ fún ìyàwó rẹ̀?" Ẹ̀ẹ̀kẹta, èyí tí gbogbo wa ń gbàgbé: Yánníbo ńkọ́? Obìnrin ń wá ọmọ, ọkọ gbé oògùn rẹ̀ jẹ. Báwo ló ṣe máa rí lára rẹ̀? Ọ̀kan á ní inú rẹ̀ á bàjẹ́. Òmíràn á ní rárá, inú á bí i. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n jiyàn rẹ̀. Ọmọ tó bá lè ya ìbínú sọ́tọ̀ kúrò lára ìbànújẹ́ lẹ́nu, kò ní fi ẹ̀ṣẹ́ sọ ọ́ fún ẹgbẹ́ rẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ti béèrè, ẹ ka ení dé àrún nínú ọkàn yín. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn máa ń ni àgbàlagbà lára, àmọ́ ọ̀rọ̀ lọmọ ń wá. "Ṣó yé yín?" kì í ṣe ìbéèrè, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà" nìkan ló ń bí. Mo mọ̀ pé ẹnu mi gùn lórí èyí. Ó dáa.

Àwòrán ojú ogún tó ń fi onírúurú ìmọ̀lára hàn, tẹ́ ẹ lẹ̀ mọ́ ògiri ńkọ́? Ẹ ká a kúrò. Yorùbá ti fi ìmọ̀lára sínú ara: inú, ojú, àyà. Ẹ kọ mẹ́ta sórí páálí, ọ̀kan lábẹ́ èkejì: inú mi dùn, inú mi bàjẹ́, inú bí mi. Kí lẹ́tà ga tó ìka ọwọ́, kí wọ́n fọwọ́ kan ikùn bí wọ́n ṣe ń pè é. Ọmọ á rí "inú" lẹ́ẹ̀mẹta, á sì dá a mọ̀ fúnra rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ fi ẹ̀rù bà mí kún un, lẹ́yìn náà ojú tì mí, àyà mi já.

Ẹ má yọ àmì ohùn. Ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́ kò jọra létí ọmọ. Ẹ má jẹ́ kó jọra lójú rẹ̀.

Ègbè àlọ́: kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti kọ́ wọn. Ẹ pàtẹ́wọ́ sí i ní sílébù, Ì-jà-pá, ẹ̀ẹ̀mẹta, kẹ́ ẹ máa fìka tọ́ka sábẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lórí páálí.

Òbí tó bá ní Gẹ̀ẹ́sì ọmọ òun á bàjẹ́, ẹ rán an létí ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá, onímọ̀ ẹ̀kọ́, bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ lọ́dún 1970: àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tó bá sì fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn, ẹ má bá a wí. Ẹ gbà á, kẹ́ ẹ tún un sọ ní Yorùbá.

Bí ìtàn bá dẹ́rù ba ọmọ tó sì ń sunkún, ẹ má sọ pé "Ọkùnrin kì í sunkún." Ẹ má dán an wò. Ẹ rẹ ohùn sílẹ̀, ẹ sọ pé "ẹ̀rù bà ọ́", ẹ fà á mọ́ra, kẹ́ ẹ ka ìtàn náà débi tí ìṣòro ti yanjú.

Bí ọmọ bá sọ ohun tó wúwo nípa ilé wọn, ẹ má tú u wò lójú ẹgbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìtàn, ẹ sọ fún ọ̀gá ilé-ìkàwé ní kọ̀rọ̀.

Òbí tó jókòó sẹ́yìn tó ń tẹ fóònù? Ẹ gbé páálí ègbè lé e lọ́wọ́ kó máa bá yín gbè é.